Obìnrin Akóbáni Kò Kú Lónìí

Ẹ rọra ṣe pẹ̀lú ìtàn yìí o. Mi ò ní kí ẹ má kà á. Ohun tí mo ń sọ ni pé, bí ẹ bá ní fọ́tò kan tí ẹ fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ nínú àpótí, ẹ kọ́kọ́ dìde lọ wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Àwọn tí ẹ sì rò pé wọn ò mọ̀ yín, ẹ má gbọ́kàn lé àìmọ̀ wọn.

Wídádì tún ti kú. Ó já bọ́ láti orí àga, ó nà gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà láyà, irun pupa tí wọ́n dé sí i lórí ti yẹ̀ bo ojú kan. Sìgá ọwọ́ rẹ̀ yí gbirigbiri lọ sábẹ́ kámẹ́rà.

"Àńtí Wídádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." Máhítáábù, ọmọbìnrin tó ni iṣẹ́ náà, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "A ò kú lónìí. Ṣebí a ti jọ fẹnu kò lórí ẹ̀?"

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Ara ni ò mọ̀."

Òótọ́ ló sọ. Nígbà tó wà lọ́mọge, tí wọ́n ń pè é ní Sírínì nínú fíìmù, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù ní Káírò máa ń fún un: obìnrin akóbáni. Obìnrin tó ń wọ aṣọ tó fún mọ́ra, tó ń mu sìgá nínú yàrá tí iná ò tàn dáadáa, tó ń gba ọkọ ọlọ́kọ, tó ń sọ ọmọ olówó di alágbe. Fíìmù kì í parí kó má kú. Wọ́n ti yìnbọn fún un. Wọ́n ti fi májèlé sínú kọfí rẹ̀. Ó ti ré bọ́ láti orí àtẹ̀gùn ilé olówó kan, ọkọ̀ ojú irin ìgboro sì ti gbá a. Ikú yìí ti wọ̀ ọ́ lára débi pé bó bá ti fa sìgá kan tán, ọwọ́ á kàn gbéra lọ sáyà fúnra rẹ̀, orúnkún á sì yẹ̀.

Máhítáábù kì í ṣe oníṣẹ́ fíìmù. Iṣẹ́ tirẹ̀ ṣòro láti ṣàlàyé, ìyẹn gan-an ló sì fi Wídádì lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀, torí ohun tí èèyàn ò lè ṣàlàyé kò rọrùn láti fi ṣòfófó. Ọmọbìnrin náà a máa ya fídíò, a sì máa fi ara èèyàn ṣe iṣẹ́ ọnà níwájú àwọn tó wá wòran. Kò sí ìtàn, kò sí orin. Ẹnìkan á kàn jókòó. Tàbí á máa gé irun ara rẹ̀. Tàbí á máa fọ ibì kan náà nílẹ̀, títí ọwọ́ rẹ̀ á fi bó. Òun àtàwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá àwọn fíìmù àtijọ́ jà. Wọ́n ní ọkùnrin ló kọ wọ́n, ọkùnrin ló yà wọ́n, ọkùnrin ló jẹ èrè wọn, obìnrin ló wá ń kú.

"Lónìí," ó ti ṣàlàyé fún Wídádì, "obìnrin akóbáni á jókòó síwájú òkú ara ẹ̀, kò sì ní kú. Lẹ́yìn náà, á sọ̀rọ̀. Ẹnu òun fúnra ẹ̀ la fẹ́ gbọ́."

Aṣọ funfun ńlá kan wà lẹ́yìn àga. Orí aṣọ yẹn ni àwọn fíìmù náà á ti máa hàn, ibi ikú nìkan, léraléra.

Orí àtẹ̀gùn ilé Wídádì ní àdúgbò Ṣúbúrà ni wọ́n ti pàdé. Wídádì ń ránṣọ nísinsìnyí. Ọmọbìnrin náà gbé ṣòkòtò wá fún àtúnṣe, ó ń tẹ̀ lé e gòkè, ló bá dúró lójijì. Ìrìn yẹn ló dá mọ̀. Wídádì sẹ́. Ó sẹ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó ti fẹ́ olùkọ́ jẹ́jẹ́ kan láti ọjọ́ pípẹ́, ó ti sanra, ó ti ń wé ìborí, ó ti sin ọkọ, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n sí Sírínì ní gbogbo àdúgbò. Ohun tóun gbà gbọ́ nìyẹn. Bí tẹlifíṣọ̀n bá fẹ́ fi ọ̀kan hàn nínú àwọn fíìmù yẹn, á ní kí wọ́n pa á, ojú ń ro òun.

Ẹ bi í pé kí ló wá jẹ́ kó gbà láti ṣe iṣẹ́ yìí, kò ní lè sọ. Bóyá torí pé ọmọbìnrin náà ò bi í nípa àwọn gbajúmọ̀ ọkùnrin tó bá ṣeré. Ohun tó bi í ni bóyá ilẹ̀ máa ń dùn ún nígbà tó bá ṣubú. Ẹnikẹ́ni ò bi í bẹ́ẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á. Ẹ má rò pé kò bà á. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Rábáàbù, ń lọ sílé ọkọ. Wọ́n ti ka Fátíà tí wọ́n fi ń ṣe ìdána. Lẹ́yìn Iléyá ni ìgbéyàwó. Ìyá ọkọ ìyàwó sì ni Àlájà Itidáàlù, obìnrin tó máa ń yí tìmùtìmù dà wo bí wọ́n ṣe rán an nínú kó tó jókòó lé e. Bí Àlájà Itidáàlù bá gbọ́ pé obìnrin tó ń gba ọkọ ọlọ́kọ lórí tẹlifíṣọ̀n ni ìyá ìyàwó, kí ni á ṣẹlẹ̀? Wídádì ò jẹ́ kí èrò náà dé òpin. Ó dìde nílẹ̀, ó gbọn aṣọ aláwọ̀ ewé ara rẹ̀.

"Àwọn ará Ṣúbúrà kì í wá síbí," Máhítáábù ní. Bó ṣe máa ń sọ lójoojúmọ́ nìyẹn.

Gáréèjì ni gbọ̀ngàn tí wọ́n ti fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, láàárín àwọn mẹkáníìkì ni ó wà. Lẹ́yìn ìrun alásárì, Ọ̀gá Bárákáàtì, mẹkáníìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbé wáyà iná wá fún wọn. Ó rí Wídádì. Ó kọjá lọ. Ó tún padà wá wò ó.

"Àsítágífúrúlái! Ẹ̀yin kọ́ lẹ ba ilé dókítà yẹn jẹ́?"

"Dókítà wo?"

"Dókítà inú fíìmù! Tí ìyàwó ẹ̀ fọ́jú! Ìyá mi sọ bàtà lù yín. Àpá ẹ̀ ṣì wà lára tẹlifíṣọ̀n wa bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí."

Wídádì wo ẹnu ọ̀nà. "Ẹ rọra máa sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí ni mo fẹ́ rọra sọ? Ìyá mi, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, kì í jẹ́ kí fíìmù yẹn fo òun. Ibi tó fẹ́ràn jù ni ibi tí ẹ ti ń jẹ́wọ́. Ẹ ó sunkún, ẹ ó ní owú ló ń jẹ yín, ẹ ó máa tọrọ àforíjì. Ìyá mi á ní, 'Ẹ̀n-ẹ́n! Jẹ́wọ́, oníranù! Jẹ́wọ́ dáadáa!' Tí wọ́n bá wá yìnbọn fún yín tán, òun náà á bú sẹ́kún. Á ní ọmọ burúkú náà mà rẹwà o."

Ó rẹ́rìn-ín, ó nu ọwọ́ tí epo ẹ́ńjìnì yí sára ṣòkòtò. "Mò ń bọ̀ wá wò ó. Èmi ò ní sọ bàtà."

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nígbà yẹn nìyẹn lóòótọ́. Kò sí olówó fíìmù tó máa jẹ́ kí akóbáni kú láìjẹ́wọ́. Ikú nìkan ò tó àwọn òǹwòran. Wọ́n fẹ́ kí ó tú ara rẹ̀ palẹ̀ kó tó lọ. Olùdarí á jókòó sẹ́yìn kámẹ́rà, á fi ohùn jẹ́jẹ́ máa bi í: Kí lo fẹ́? Ṣé o fẹ́ràn rẹ̀? Ṣé o kábàámọ̀? Òun á máa dáhùn bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fún un, omi ojú á máa dà. Nígbà tí wọ́n bá ń to fíìmù pọ̀, wọn á yọ ohùn olùdarí kúrò, á wá dà bíi pé obìnrin náà ló fúnra rẹ̀ fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí fóònù dún. Rábáàbù ni.

"Màmá, ibo lẹ wà?"

"Ọ̀dọ̀ oníbàárà ni mo wà. Ṣé o ti sọ ẹ̀wà náà kalẹ̀?"

"Màmá, ẹ fi ẹ̀wà sílẹ̀. Àlájà ti rí àwòrán ìpolówó yín lórí fóònù. Ọmọ àbúrò ẹ̀ kan ló fi hàn án. Irun pupa, aṣọ aláwọ̀ ewé, orúkọ àdúgbò, gbogbo ẹ̀. Ó ti wọ takisí."

Wídádì jókòó. "Kí ló sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Ó kàn ní ṣé àga wà níbẹ̀, torí orúnkún òun."

Wídádì ṣí irun pupa kúrò lórí. Ó fa ìborí rẹ̀ yọ nínú báàgì. Máhítáábù rí i, ó sì yé e láìjẹ́ pé ó béèrè.

"Àńtí, tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ máa lọ," ó ní. "Màá fi fídíò nìkan hàn wọ́n. Àga á wà níbẹ̀ lófìfo. Mi ò ní bínú."

Wídádì gba ẹ̀yìn jáde sí ọ̀nà tóóró àwọn mẹkáníìkì. Ó dúró sẹ́yìn mọ́tò kan tí wọ́n ti yọ táyà rẹ̀, ó ń yọjú. Takisí kan dúró. Àlájà Itidáàlù sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ kan, lẹ́yìn náà èkejì, ọwọ́ rẹ̀ ní orúnkún. Ó ti wé ìborí olówùú-wúrà tó máa ń wé lọ sóde ńlá. Ọ̀gá Bárákáàtì sáré lọ bá a, ó fi aṣọ ìnuwọ́ nu àga oníke kan, ó gbé e ṣáájú rẹ̀ wọlé bí ẹni ń gbé ìtẹ́.

Ọ̀nà wà fún Wídádì láti lọ. Títì ò jìnnà. Ṣùgbọ́n èrò kan dá a dúró níbẹ̀, lẹ́yìn mọ́tò. Aṣọ funfun yẹn á tàn. Ọmọdébìnrin orí aṣọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kú níwájú Àlájà, lórí àtẹ̀gùn, nínú kọfí, lójú irin, kò sì ní sí ẹnì kankan tó máa jókòó tì í. Ó ti fi ọmọ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọdún gbọọrọ yìí wá. Ó ti ń ní kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n.

Ó padà wọlé. Ó dé irun pupa. "Dígí dà?" ló bi Máhítáábù.

Gbọ̀ngàn ti kún. Àwọn ọ̀dọ́ jókòó sílẹ̀, àwọn kan fara ti ògiri. Níwájú pátápátá, lórí àga oníke, Àlájà Itidáàlù ti gbé báàgì lé itan, ó ń jẹ kóró ẹ̀gúsí yíyan.

Iná kú. Aṣọ tàn.

Wídádì jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ṣáná sí sìgá. Lẹ́yìn rẹ̀, Sírínì ré bọ́ láti orí àtẹ̀gùn. Wídádì ò wẹ̀yìn. Sírínì mu kọfí, ó di ọ̀fun mú. Sírínì dìde, ìbọn dún, Sírínì ṣubú. Wídádì ń gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń mí. Sìgá kúrú. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra lọ sáyà, ó rí i bó ṣe ń lọ, bíi pé ọwọ́ ẹlòmíì ni. Ó jẹ́ kó dé ìdajì ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, ó fi tún etí irun pupa náà ṣe, ó sì gbé e padà sórí itan. Orúnkún rẹ̀ ò yẹ̀.

Ẹnìkan nínú òkùnkùn ní, "Hẹ̀n!" Ó jọ ohùn Ọ̀gá Bárákáàtì.

Nígbà tó ṣe, àwòrán ikú dáwọ́ dúró. Ojú Wídádì ti òní ló gba gbogbo aṣọ náà, ó tóbi bí ilẹ̀kùn gáréèjì, gbogbo ìlà ojú rẹ̀ hàn kedere. Ohùn Máhítáábù wá jáde láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ohùn náà rọ̀, ó kún fún ìfẹ́.

"Kí lo fẹ́?"

Wídádì ya ẹnu. Ó ti ní ọ̀rọ̀ tí òun máa sọ. Wọ́n ti jọ gbìmọ̀ rẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ràn rẹ̀?"

Ó pa ẹnu dé.

"Ṣé o kábàámọ̀?"

Áà. Ohùn ọmọbìnrin ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè olùdarí ni. Ọ̀kan náà ni wọ́n, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra pàápàá. Ọmọ yìí ti gba ìbọn kúrò, ó ti da kọfí náà nù, ó ti dá ọkọ̀ ojú irin dúró. Ìjẹ́wọ́ yìí nìkan ló ṣẹ́kù tí kò rí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wá, pẹ̀lú ìfẹ́, ó gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ẹni gbé oúnjẹ fún àlejò.

Wídádì ò bínú sí i. Ó wo Àlájà. Àlájà ò jẹ kóró mọ́. Ó ti na ọrùn síwájú bí gbogbo àwọn tó kù. Gbogbo ilé ń retí.

Òun náà ń retí. Ó ń retí ẹ̀rù. Láti ọdún wọ̀nyí, ohun tó ń sá fún gan-an nìyí, kí ẹnìkan dúró ní gbangba kó bi í ní ìbéèrè. Wọ́n sì ti bi í báyìí. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ẹnìkan ń fi òòlù lu irin níta. Ẹ̀rù náà dé ẹnu ọ̀nà, ó wo inú ilé, kò rí ohun tó máa mú, torí wọ́n lè bi èèyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sí ẹni tó lè bá a ya ẹnu.

Ó fa sìgá náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó pa iná rẹ̀. Ó wo kámẹ́rà tààrà, ó sì dákẹ́, títí Máhítáábù fúnra rẹ̀ fi pa àwòrán orí aṣọ náà.

Wọn ò kọ́kọ́ mọ̀ bóyá kí àwọn pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n pàtẹ́wọ́, ó pẹ́ kí wọ́n tó dáwọ́ dúró.

Máhítáábù wá bá a lẹ́yìn aṣọ, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ẹ ò sọ̀rọ̀, Àńtí."

"Rárá."

"Mo rò pé tí mo bá bi yín jẹ́jẹ́..." Ó gbọ́ ara rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Olúwa ò! Èmi náà."

"Ìwọ náà," Wídádì ní, ó sì gbá a mọ́ra. "Má sunkún. Iṣẹ́ rẹ dáa. Lọ bá àwọn èèyàn rẹ."

Nígbà tó yíjú, Àlájà Itidáàlù ti dúró níbẹ̀, báàgì lọ́wọ́.

"Ìyá Rábáàbù."

"Àlájà."

"Wọ́n ní ọ̀dọ̀ oníbàárà lẹ wà."

"Irọ́ ni mo pa."

"Mo mọ̀. Ọjọ́ tí a wá ka Fátíà ni mo ti mọ̀ yín. Ẹ gbé tíì wá, ẹ yí ọrùn báyìí." Obìnrin náà, pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ àti ọjọ́ orí rẹ̀, yí ọrùn, ó wo ẹ̀gbẹ́ bí ọmọge inú fíìmù. "Mo ní, háà! Sírínì rèé! Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, mo fi odidi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan bá ọkọ mi jà nítorí yín. Bí wọ́n bá ti fi fíìmù yẹn hàn, kò ní sùn. Ó ní torí ọkọ̀ ojú irin ni òun ṣe ń wò ó. Ọkọ̀ ojú irin!"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Wídádì kó tó mọ̀. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ẹ̀yin náà ò sọ. Mo ní bóyá ẹ ò fẹ́ ká gbọ́. Mo wá wò ó lónìí torí pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbé e síta."

"Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wá ńkọ́?"

"Ìgbéyàwó ṣe kí ni? Wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì ìyàwó dé òkè téńté, nínú ilé wọn tí kò ní ju àtẹ̀gùn lọ. Ta ló fẹ́ gbé e sọ̀kalẹ̀? Ẹ̀yin àbí èmi?" Ó sún mọ́ ọn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ohun kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà yẹn. Obìnrin inú fíìmù ọkọ̀ ojú irin yẹn. Ẹjọ́ tó rò kó tó kú, tó ní owó ni, tó ní owú ni, irọ́ ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, obìnrin lèmi náà. Kí ló ń wá lọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn gan-an?"

Wídádì wò ó. Ìdáhùn wà. Ọjọ́ tí wọ́n ń ya fíìmù náà ló ti mọ̀ ọ́n, nígbà tó dùbúlẹ̀ lójú irin, tí irin náà gbóná lẹ́yìn rẹ̀, tó ń wo ojú ọ̀run. Wọn ò kọ ọ́ sínú ìwé eré, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Òun nìkan ló ni ín, ó sì dùn mọ́ ọn nínú báyìí bí aṣọ tuntun. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá Àlájà, kí orúnkún má baà yọ ọ́ lẹ́nu ní ẹnu ọ̀nà.

"Àlájà, ẹ jẹ́ ká lọ mu tíì."

"Ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn."

"Ẹni tó ń ta tíì wà ní kọ̀rọ̀ yẹn. Ó máa ń fi ewé míńtì tútù sí i."

"Ìyá Rábáàbù! Èmi kì í ṣe ará ìta o. A ti di ọ̀kan."

"A ti di ọ̀kan," Wídádì ní, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Àlájà dúró, ó ń retí ìyókù. Kò sí ìyókù. Wídádì ti pa ẹnu rẹ̀ dé.